Ọ̀pá Irin Bàbá Elétí

Ó gbé etí lé ọ̀pá irin náà, kò gbọ́ nǹkan kan.

Orí kan ọ̀pá ọ̀hún wà lára gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lókè rẹ̀, èkejì wà létí ọ̀tún rẹ̀. Nínú ọgbà mẹkáníìkì yẹn, bí ọ̀gá bá ti gbé etí lé ọ̀pá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wúkọ́. Etí yìí ló sọ ọ́ di Bàbá Elétí. Wọ́n ní bí eèrà bá ń tiro nínú ẹ́ńjìnnì, á sọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹ wá wò ó lónìí o, ó nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀, ó tẹ etí mọ́ ọ̀pá lásán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ yìí?"

Àbúrò rẹ̀ ló ké látinú ọkọ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Òun ló ni ọkọ̀, òun ló ń wà á. Simẹ́ǹtì kún ẹ̀yìn ọkọ̀ dẹ́nu, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ńlá sì ń dúró dè é lọ́nà.

"Mò ń gbọ́ ọ."

Irọ́ ni. Láti ọdún tó kọjá ni etí náà ti ń kú lọ, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò mọ̀. Àbá ló kàn ń dá. Bí ariwo bá ń jáde nígbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń pààrọ̀ gíà, bíárìn, irin róbótó inú kílọ́ọ̀ṣì, ni, àtúnṣe rẹ̀ lè dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá padà dé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò ló ń ké, inú gíábọ́ọ̀sì ni. Ìyẹn lè fọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí gíà bọ́, kí ẹrù máa ti ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀. Létí ẹni tó jókòó lókè, ẹ́ńjìnnì ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ariwo kan náà.

"Ṣé kí n máa lọ, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó ya ẹnu láti ní kó máa lọ. Ojú àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ sí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Bó bá jẹ́ orí òkè yẹn ló ti máa bá a ńkọ́? Ẹ̀rù bà á. Ló bá yọ ọ̀pá létí, ó fi eyín dì í mú, kí eyín lè gbọ́ fún etí.

"Tẹ kílọ́ọ̀ṣì!" ló ké láti àárín eyín.

Eyín rẹ̀ dákẹ́.

"Gbé ẹsẹ̀!"

Yéè! Eyín rẹ̀ gbọ̀n gírígírí títí dé àtàrí. Ó ní kó tún un ṣe. Bákan náà ni.

"Pa á! Pa ọkọ̀ yìí kíá!"

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó jókòó sórí táyà kan, epo dúdú yí i lẹ́nu. "Gíábọ́ọ̀sì ni. O ò lọ síbì kankan." Ẹ̀rù ọ̀hún kò tíì lọ, ló bá sọ ìyókù: "Etí mi ti lọ, àbúrò mi. Mi ò gbọ́ ohun tí ọ̀pá ń sọ mọ́."

Àbúrò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í. "Mo mọ̀," ló pariwo.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Bàbá Elétí. Ó ti tó ọdún kan tí àbúrò òun yìí ti ń pariwo bá òun sọ̀rọ̀. Òun rò pé ìwàkuwà àwọn awakọ̀ ló kó ràn án.

"O mọ̀? Bí mo bá wá ní kí o máa lọ ńkọ́?"

Àbúrò rẹ̀ fa aṣọ ìnujú yọ, ó rọra nu epo náà kúrò lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ǹ bá ti lọ. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi," ló sọ sí i létí.

Bàbá Elétí wo géètì ọgbà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ọ̀nà òkè náà. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.