Ìkọ́ Kékeré Inú Àpótí Verlon

Ọdún méjì gbáko ni Verlon Stiles fi ń jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Òun àti Dewitt Hargis ni wọ́n jọ ra ọkọ̀ náà, wọ́n sì ti bá ara wọn ṣe àdéhùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní: ẹni tó bá wà níwájú láàárọ̀ ló máa wa ọkọ̀, òun náà ló máa kọ́kọ́ ju ìwọ̀ sí gbogbo ibi tí wọ́n bá dé, tó bá di ọ̀sán gangan, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Ẹ̀yìn kì í ṣe ibi iyì. Ẹja tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹni iwájú ni ẹni ẹ̀yìn ń fi ìwọ̀ wá. Lọ́jọ́ tí Dewitt kú, òun ló wà níwájú, ọ̀sán kò sì tíì pọ́n. Nítorí náà, lójú Verlon, àyè iwájú ṣì jẹ́ ti Dewitt. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa orí rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kò sọ. Bó bá dá wa ọkọ̀ lọ sójú Adágún Tolliver, tó padà jókòó sẹ́yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì wúwo sí, imú ọkọ̀ ló máa ń tẹ̀ wálẹ̀, bíi pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀. Ó ti kó gbogbo ẹrù kúrò níwájú. Ó ti yẹ ilẹ̀ ọkọ̀ wò bóyá omi ń wọlé. Kò sí omi, bẹ́ẹ̀ imú ọkọ̀ kò gbéra.

Lọ́jọ́ tí ikú Dewitt pé ọdún méjì, Maribeth, ọmọ kan ṣoṣo tí Dewitt bí, wá bá a létí omi láàárọ̀. Obìnrin náà ló ń wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ọmọ ilé ìwé, kò sì sí ọmọ tó lè dìde lórí ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀ kó mú un jẹ. Ó ní òun fẹ́ ta ìdajì ọkọ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí òun tó tà á, kí Verlon mú òun dé ibi tí bàbá òun ṣubú sí.

Verlon ní kùrukùru ti pọ̀ jù. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la.

"Ṣé kùrukùru ò sí lọ́jọ́ tí ẹ jọ lọ ni, Ọ́ńkù Verl?" ni Maribeth bi í. "Ẹ wọ ọkọ̀. Iwájú ni èmi máa jókòó. Ìdajì tèmi nìyẹn."

Verlon wọ ọkọ̀, ó lọ sẹ́yìn.

Kí Maribeth tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ó mú okùn pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, ó fi orí rẹ̀ kan kọ́ àyà ẹ̀wù ìléfòó rẹ̀, ó fi orí kejì kọ́ ẹnu ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ sítíárì. Gbogbo ọlọ́kọ̀ adágún yẹn ló mọ iṣẹ́ okùn pupa: bí awakọ̀ bá já bọ́ sómi, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ á dúró dè é. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú Dewitt tó léfòó létí igbó. Òtútù ló pa á, kì í ṣe omi. Okùn pupa ṣì wà láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n orí kejì ń fì lásán. Gbogbo ayé gbà pé ó gbàgbé láti kọ́ ọ ni. Láti ìgbà náà, tí ẹgbẹ́ apẹja bá kó àwọn ọmọdé jọ létí omi lọ́dọọdún láti kọ́ wọn ní ìṣọ́ra, bàbá tó ń kọ́ wọn á gbé okùn pupa sókè, á ní, "Ẹ má ṣe bíi Dewitt o." Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ti ń lọ jẹ́jẹ́ nínú kùrukùru, Maribeth sọ ọ́ láìbojúwẹ̀yìn pé Kaylin, ọmọ òun, ti pé ọmọ ọdún méjìlá, pé Sátidé tó ń bọ̀ yìí ló máa jókòó láàárín àwọn ọmọ yòókù, tí á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ bàbá ìyá rẹ̀ kọ́ni. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ fún un. Verlon ń wo omi. Ó ń kórìíra ara rẹ̀ gidigidi.

Abúlé kan wà lábẹ́ adágún náà, Cane Bottom lorúkọ rẹ̀, tí omi bò nígbà tí ìjọba kọ́ dáàmù. Ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ṣì wà nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùndínlógójì, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹja báàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà máa ń sá sí nígbà òtútù. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wo abẹ́ omi fi igun òkúta mẹ́rin hàn, Verlon ní kó pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dé.

Maribeth kò sunkún. Ó mú ọ̀pá ìwọ̀ bàbá rẹ̀, ó ju ìwọ̀ sísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré, ó jẹ́ kó kan òkúta, ó wá ń fà á díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀pá tẹ̀. Ẹja náà jà, ó sá wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tún jáde. Nígbà tí Verlon fi àwọ̀n gbé e, báàsì tó lè wọn kílò mẹ́rin ni, ikùn rẹ̀ wú.

Ẹni tó bá ń pẹja níbi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ mọ wàhálà yìí. Afẹ́fẹ́ inú ẹja á wú bó ti ń gòkè, tí wọ́n bá dá a padà sómi, bí àṣà àwọn apẹja Tolliver, kò ní lè rì mọ́. Á dẹ̀gbẹ́ sójú omi títí á fi kú. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà jáde. Ìtìjú ńlá ni fún apẹja Tolliver láti fi ẹja sílẹ̀ ní dídẹ̀gbẹ́. Verlon tẹ̀ síwájú, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó di ẹja náà mú.

"Abẹ́rẹ́ wà nínú àpótí mi," ló wí, "nísàlẹ̀, nínú agolo tábà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó rántí. Maribeth ti ṣí agolo.

Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìkọ́ kékeré kan tún wà níbẹ̀, pupa, kò gùn ju àtàǹpàkò lọ, kò ní okùn. Maribeth yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ó wo ẹnu ẹ́ńjìnnì, ó wo ìkọ́.

"Kí lèyí, Ọ́ńkù Verl?"

Verlon lè ní kò já mọ́ nǹkan kan. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ẹja ń mí lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kan ń wò ó láti inú omi.

"Tèmi ni," ló wí. "Mo kórìíra okùn yẹn. Tí mo bá dìde, ẹ́ńjìnnì á kú. Mo wá ra ìkọ́ yẹn, tí mo bá fi há ẹnu ẹ́ńjìnnì, mi ò nílò okùn mọ́. Èmi nìkan ni mo wa ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di àárọ̀, bàbá ẹ kọ́ okùn sáyà, ó fẹ́ kọ́ orí kejì, ó rí ìkọ́ mi níbẹ̀. Òtútù ti mú ọwọ́ ẹ̀, kò rí i yọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ jàre, pé ẹja ò ní dúró dè wá."

"Ó wá fi sílẹ̀."

"Torí èmi ni mo sọ ọ́."

Ó sọ ìyókù. Pé igi kan tó léfòó ló gbá ọkọ̀, pé Dewitt já bọ́ sómi, òun náà ṣubú sínú ọkọ̀, èjìká òun yẹ̀, pé nígbà tóun fi máa wọ́ dé ibi sítíárì, ọkọ̀ ti sáré lọ jìnnà. Òun pa ẹ́ńjìnnì. Òun gbọ́ tí Dewitt pe òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú kùrukùru, ìpè kọ̀ọ̀kan láti ibi ọ̀tọ̀, kò sì pè mọ́. Nígbà tóun gbọ́ ìró ọkọ̀ àwọn tó ń bọ̀ wá ran àwọn lọ́wọ́, òun yọ ìkọ́ náà sápò. Gbogbo ìgbà tóun bá fẹ́ jù ú sómi, ó máa ń dà bíi pé Dewitt lòun tún fẹ́ jù sómi.

Maribeth na abẹ́rẹ́ sí i. "Ẹ tọ́jú ẹja yẹn ná."

Verlon gbà á, ó gún ẹja náà síbi tó yẹ. Afẹ́fẹ́ ru sókè. Báàsì náà nàró, ó mi ìrù, ó sì rì lọ sí ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀.

Maribeth yọ okùn pupa lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ó fi ìkọ́ há ibẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Ó tan ẹ́ńjìnnì. Ó wá rìn sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ sítíárì, okùn àyà rẹ̀ ń fì lásán. Ẹ́ńjìnnì ń dún lọ. Wọ́n dúró, àwọn méjèèjì ń gbọ́ ọ.

"Báyìí ló rí?"

"Báyìí ló rí."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi agbára fa ìkọ́ náà yọ. Ẹ́ńjìnnì kú. Gbogbo adágún pa lọ́lọ́.

"Verl."

Ohùn náà kò jìnnà ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Verlon kò gbórí sókè, torí ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń gbọ́ ọ níbẹ̀, kò sì dá a lóhùn rí. Ṣùgbọ́n Maribeth ti yíjú sí inú kùrukùru, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Bàbá mi nìyẹn," ló wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó ba Verlon tóbi ju gbogbo ẹ̀rù ọdún méjì lọ, torí ó ti wá hàn pé kì í ṣe orí rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

"Ẹ dá a lóhùn," ni Maribeth wí.

"Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ."

"Ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn ọmọ ní Sátidé ni kẹ́ ẹ sọ. Torí ẹ̀yin lẹ máa dìde síwájú wọn, kì í ṣe bàbá tó máa ń gbé okùn pupa sókè yẹn. Kaylin á jókòó síwájú pátápátá. Mi ò sì tíì dárí jì yín o, kẹ́ ẹ má ṣìnà."

Verlon dìde. Ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá.

"Dewitt," ló ké, "ìwọ kọ́ lo gbàgbé. Èmi ni. Mo ti sọ fún ọmọ ẹ. Màá sọ fún gbogbo wọn."

Wọ́n dúró títí. Ohùn kankan kò pè é mọ́. Verlon kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n kó tó fojú rí i: imú ọkọ̀ ń gbéra díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú omi, bẹ́ẹ̀ Maribeth ṣì wà níwájú, kò yẹ̀ níbi tó dúró sí. Verlon fi ọwọ́ bojú, ó sunkún.

Maribeth kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó fi ìkọ́ kékeré náà sí àpò ara rẹ̀, ó sì kọ́ okùn pupa padà sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó tan ẹ́ńjìnnì.