Òdòdó Orí Àpáta

Ọ̀gá mi lè bá ògiri jiyàn títí ògiri á fi tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ òdòdó kékeré kan ló dì mú lọ́dún yìí, ó sì sú mi débi pé bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lójú àtẹ̀gùn, inú á ti máa bí mi.

Iṣẹ́ wa ni ká máa lẹ ewéko gbígbẹ mọ́ páálí, ká kọ orúkọ wọn sí i, ká sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Òdòdó tí mò ń wí yìí, orí àpáta kan ṣoṣo ló ń hù sí ní gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti kà á mọ́ òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà tí ewúrẹ́ ń jẹ kiri, nítorí pé bí méjèèjì bá ti gbẹ, bákan náà ni wọ́n ń rí. Àwọn afọ́kúta sì ti ń tọrọ àpáta náà lọ́wọ́ ìjọba. Bí òdòdó yìí kò bá ní orúkọ tirẹ̀, wọ́n á fọ́ ibẹ̀ wẹ́wẹ́, òun náà á sì parẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ti tútù. Irun wà lọ́fun rẹ̀. Ti ẹ̀bá ọ̀nà ò ní."

"Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ó fèsì, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ ilé kan náà ni wọ́n."

"Ẹ ò dé ilé ọ̀hún rí, sà! Ẹ ò gun àpáta yẹn rí!"

Ó kọ etí ikún sí mi. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò, mo gbé òdòdó tútù méjèèjì síwájú rẹ̀ pẹ̀lú awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ó kùn, ó pòṣé, ó wá wò ó. Ó tún un wò.

"Háà. Irun ni lóòótọ́."

Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. A kọ̀wé sí ìjọba, àwọn náà sì gbà láti rán ẹnì kan wá fojú rí òdòdó náà níbi tó ti ń hù. Bí ọ̀gá ṣe gbọ́, ó ní òun fúnra òun ló máa lọ já èyí tá a máa fi sọ ọ́ lórúkọ.

"Ọ̀kan péré o, sà. Ẹ má fa gbòǹgbò. Wọn ò pọ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ tí mo fi kọ́ ẹ?"

Ó padà dé nírọ̀lẹ́, eruku bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó tú ìdì ìwé ìròyìn tó tẹ ohun tó já sáàárín rẹ̀ kó lè gbẹ. Bí mo ṣe ń ṣí i ni mò ń rí òdòdó, tòun ti gbòǹgbò.

"Ọ̀kan fún wa," ó ní, "ọ̀kan fún ilé ìpamọ́ ewéko kọ̀ọ̀kan tó bá lè jiyàn. Bá a ṣe ń ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Ta ló máa pè wá lónírọ́ mọ́?"

"Èwo lẹ wá ṣẹ́ kù síbẹ̀, sà?"

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. "Mo rò pé òmíràn máa wà lẹ́yìn àpáta."

"Mo ti dé ẹ̀yìn àpáta, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ó jókòó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n pariwo tàbí kí n sunkún. Orúkọ tuntun náà ti wà lára páálí lórí tábìlì, ó dára gan-an. Lọ́la ni ẹni tí ìjọba rán máa gun àpáta, láti wá wo ẹni tó ń jẹ́ ẹ.