Ọmọ Ilé Kẹrìnlá ní Přádelny

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ni mo kọ́kọ́ rí àmì náà. Mo ti iléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Agbowó dé, nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo sì bá Bàámi ní ilé ìdáná. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n mú pẹ́ńsù dání. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, orúnkún méjèèjì ń dùn wọ́n, wọn kì í kúnlẹ̀ mọ́ kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti fa ìlà kékeré kan sára férémù ilẹ̀kùn náà. Kò ga ju ìbàdí mi lọ.

"Bàámi, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

Wọn ò wo ojú mi. "Ó ń wá dúró síbí. Mo kàn fàlà síbi tí orí rẹ̀ dé ni."

"Ta ni?"

Wọ́n di férémù mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀. "Omi gbóná wà nínú fíláàsì bí o bá fẹ́ mu tíì."

Kò sí ọmọ kankan nínú ilé wa ní Bódìjà. Èmi nìkan ni àwọn òbí mi bí, èmi náà ò sì bímọ. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ìyá mi kú, ìyẹn ló mú mi kó kúrò ní Challenge padà sọ́dọ̀ Bàámi. Ẹnjiníà Ọládipọ̀ Ayẹni ni gbogbo ènìyàn mọ̀ wọ́n sí. Ogún ọdún ni wọ́n fi bójú tó ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé tipẹ́, tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Czechoslovakia, bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà náà, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa ibẹ̀ kò ju pé òtútù ń mú, àti pé Bàámi a máa fi èdè ibẹ̀ ka nǹkan lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Mi ò ní purọ́, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, òòrùn mú ganrínganrín, Bàámi ń sùn lórí àga ní pálọ̀, èmi ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé ìdáná. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn onípákó. Ẹsẹ̀ kan, ìdúró díẹ̀, ẹsẹ̀ kejì, bí ọmọ tí àtẹ̀gùn ga jù fún ṣe máa ń sọ̀. Ilé ilẹ̀ ni ilé wa. Kò ní àtẹ̀gùn rárá.

Mo yíjú padà. Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò lè gbé ọwọ́ mi kúrò nínú ẹ̀wà. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ímeèlì kan dé sórí fóònù mi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Jana ló kọ ọ́ láti ilẹ̀ Czech. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kàwé lọ́hùn-ún, níbi tí Bàámi ti fi àdírẹ́sì mi sílẹ̀, ló fún un. Ó ní òun ń kọ ìtàn àdúgbò kan nínú ìlú òun, Přádelny lorúkọ rẹ̀, ìyẹn ibi ìrànwú. Wọ́n ti fẹ́ sọ ilé iṣẹ́ òwú tó wà níbẹ̀ di ilé gbígbé. Nínú ìwé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́, òun rí ọmọ Nàìjíríà kan, O. Ayẹni, tó gbé ilé kẹrìnlá lọ́dún 1974 àti 1975. Ṣé ó ṣì wà láyé? Ṣé ó rántí férémù ilẹ̀kùn ilé ìdáná ilé náà? Ìyá àgbà kan ní Jámánì ló ń béèrè.

Mo kà á fún Bàámi lórí àga tí wọ́n fi ń gba atẹ́gùn níwájú ilé. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n gbé e lé itan.

"Jẹ́jẹ́lọlá, jókòó."

Mo jókòó.

"Ilé iṣẹ́ ló bí àdúgbò yẹn," ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Odò kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń yí ẹ̀rọ. Wọ́n wá fi bíríkì pupa kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ iléèwé, wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀. Bí fèrè ilé iṣẹ́ bá dún, gbogbo àdúgbò á jí. Bó bá tún dún, wọ́n á jẹun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pa aṣọ láró, odò náà á di búlúù."

"Ta ló ni ilé iṣẹ́ náà?"

"Júù kan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Jámánì kó òun àti ìyàwó àtọmọ lọ, wọn ò padà. Àwọn Jámánì tó ń hunṣọ níbẹ̀ láti ìran baba wọn, àwọn kan nínú wọn pín àga rẹ̀, wọ́n pín àwo rẹ̀. Ogun parí, ó wá kan àwọn náà. Lọ́dún 1946, ìjọba Czech ní kí gbogbo Jámánì jáde nílùú, kí kálukú mú ìwọ̀n tó bá lè gbé. Ìyá Marie, ahunṣọ kan tó jẹ́ ọmọ Czech, ni mo gbé lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ìjọba fún àwọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé kẹrìnlá, ọbẹ̀ tí àwọn onílé fi sílẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lórí àdògán. Ebi ń pa wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ń gbé ilé náà lọ."

Kẹ̀kẹ́ Maruwa kan kọjá lójú títì, Bàámi dúró dè é kó lọ.

"Àmì gíga ọmọ méjì wà lára férémù ilé ìdáná, Ilse àti Gerda, pẹ̀lú ọjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gerda ló kéré. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni ìlà rẹ̀ tó kẹ́yìn. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Àtẹ̀gùn onípákó wà nínú ilé yẹn. Lọ́sàn-án, tí ilé bá dá, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Marie náà ń gbọ́. Wọ́n á ní, 'Má dá a lóhùn. Bí a bá dá a lóhùn, á pe àwọn ènìyàn rẹ̀ wá gba ilé wọn.'"

Mi ò tíì sọ ohun tí mo gbọ́ fún wọn.

"Ní Sátidé kan lọ́dún 1975," Bàámi ń bọ́rọ̀ lọ, "obìnrin kan wá sẹ́nu géètì. Ìyá Marie sá pamọ́, wọ́n ní kí n lọ dá a lóhùn. Ilse ni. Ó fi ìwọ̀nba èdè Czech tó kù lẹ́nu rẹ̀ sọ pé àbúrò òun kú lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n lé wọn jáde. Wọn ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Ìlà yẹn nìkan ló kù tó fi hàn pé wọ́n bí i. Ṣé òun lè wọlé wá fọwọ́ kàn án? Mo ní, 'Màmá, kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀ níbí. Àlejò ni mí.' Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, Jẹ́jẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Marie ní kí n bá àwọn fá férémù náà. Mo lọ yá irin tí káfíńtà fi ń fá pákó. Mo fá a títí ó fi dán."

"Ẹ ò sì lè kọ̀?"

"Mo lè kọ̀. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí, ilé wọn ni mo ń gbé, oúnjẹ wọn ni mò ń jẹ. Ṣùgbọ́n mo lè kọ̀." Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú. "Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú tí ilé yìí ti dá ló ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá."

Mo ní kí a pe Jana. Wọ́n kọ̀. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi jẹun dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta, mo jí bá wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ti so táì. Wọ́n ní, "Pè é."

Ilé ìdáná la ti pè wọ́n lórí fídíò. Jana jókòó sí apá kan. Ní apá kejì, Ìyá Ilse fara hàn, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, irun wọn funfun, ojú wọn mú. Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lédè Czech, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wá owó ẹyọ nínú òkùnkùn. Jana ń túmọ̀ rẹ̀ fún Ìyá Ilse, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún mi. Bàámi sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí irin tí wọ́n fi fá pákó.

Ìyá Ilse ò ké. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Mo padà wá lọ́jọ́ Ajé, mo gba ojú fèrèsé wo inú ilé. Igi náà funfun bí egungun. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń wá ẹni tó fá a, nítorí òun nìkan ló kù tó lè mọ ibi tí ìlà náà dé. Ìyá mi ní Gerda dé ìbàdí òun. Bàbá mi ní kò ga tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jiyàn rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Báwo ló ṣe ga tó?"

Bàámi mú téèpù. Wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wọ́n fà á dé ojú ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà. Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn. Mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún gééré.

Ní Jámánì lọ́hùn-ún, Ìyá Ilse dìde, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn sínú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń gbé e sókè, wọ́n ń gbé e wálẹ̀, títí Jana, tó ń fojú wọ̀n ọ́n, fi ní ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́ sí abẹ́ ọwọ́ wọn, Jana ò túmọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ tán ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ lẹ́yìn mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ńṣe ló ń gòkè. Bàámi náà gbọ́. Wọ́n tẹrí ba.

"Mi ò tíì lè sọ pé mo dárí jì yín," ni Ìyá Ilse wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun."

A ò gbọ́ ẹsẹ̀ náà mọ́. Mi ò lè sọ pé ọkàn Bàámi balẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, Jana kọ̀wé pé Ìyá Ilse ti kú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n dárí ji Bàámi kí wọ́n tó kú.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ìsìn ìrántí àwọn olóògbé, Bàámi sì kọ orúkọ àwọn olóògbé tiwọn sílẹ̀ fún Alùfáà Ọmọ́níyì. Alùfáà ka orúkọ ìyá mi. Lẹ́yìn náà àwọn orúkọ àjèjì kọ́ wọn lẹ́nu díẹ̀, wọ́n tún wọn kà: Gerda, Ilse, Marie. Bàámi dìde dúró pẹ̀lú àwọn mọ̀lẹ́bí olókùú, èmi náà dìde.

Ìyá kan tó wà níwájú wa yíjú padà. "Ẹnjiníà, ta ni Gerda sí yín?"

"Ilé wọn ni mo gbé rí, Mà."

"Ó mà ṣe o. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

"Àmín," ni Bàámi wí, wọn ò sì jókòó títí wọ́n fi ka orúkọ gbogbo ènìyàn tán.