Ìbọn Tó Ń Há Láàárọ̀

Ọdún 1934 ni. Oko ni Mùṣin nígbà náà. Ilé kò pọ̀. Ẹ̀gẹ́ àti igbó ló yí wa ká, túùkú sì ń hú ẹ̀gẹ́ wa jẹ. Èmi Fàsásì àti ẹ̀gbọ́n mi Ṣàíbù la jọ ni àgbẹ̀dẹ kan. Òun ń rọ ọkọ́ àti àdá, èmi ń tún ìbọn ṣe. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ lẹ́yìn ikú bàbá wa.

Tìrìmísíyù ọdẹ ni ọ̀rẹ́ mi. Òyìnbó kan tí Tìrìmísíyù máa ń mú wọgbó fi ìbọn kan sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì bá a gba ìwé àṣẹ. Ìbọn náà kì í ṣe irú tiwa. Bí o bá yìn ín, irin ìdí rẹ̀ á sá sẹ́yìn, á ju èèpo ọta dànù. Sípíríǹgì á tì í padà, á sì gbé ọta mìíràn wọlé fúnra rẹ̀. Ìwọ kàn ń fà á ni.

Èmi ló ń tọ́jú rẹ̀. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń fi sí i, díẹ̀díẹ̀, láti inú ìgò dúdú kan.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà, Tìrìmísíyù àti àna rẹ̀ Ọláṣẹ́gun lọ dènà de túùkú ní ìdájí. Túùkú jáde. Tìrìmísíyù yìnbọn, ó bà á, kò kú. Ẹranko náà kọjú sí Ọláṣẹ́gun. Tìrìmísíyù fà á lẹ́ẹ̀kejì, kò dún. Kí ó tó yọ àdá, túùkú ti fi eyín ya itan Ọláṣẹ́gun dé eegun.

Wọ́n gbé ìbọn náà wá fún mi lọ́sàn-án. Mo gbé e lọ sẹ́yìn àgbẹ̀dẹ, mo yìn ín títí ọta inú rẹ̀ fi tán. Gbogbo rẹ̀ ló dún. Èèpo ọta ń ta jáde bí àgbàdo nínú agbada gbígbóná.

"Ìbọn yìí kò ṣàìsàn," ni Ṣàíbù wí. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ tuntun rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. "Ọdẹ ló ń ṣàìsàn. Àìsàn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti ń ronú ilé."

Àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tìrìmísíyù kò rẹ́rìn-ín.

"Fàsásì, mo fà á. Kò dún."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà ọ́ gbọ́. Jẹ́ kí n wá ìdí rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà kò kéré. Ọdẹ tó bá fi ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹran kì í bá ẹgbẹ́ wọgbó mọ́. Lateefat, ìyàwó Tìrìmísíyù, àbúrò Ọláṣẹ́gun ni. Àwọn ará ilé rẹ̀ ti wá mú un lọ. Wọ́n ní ojo kò ní fi ọmọ àwọn ṣaya. Olúọ́dẹ, olórí àwọn ọdẹ, ní òun yóò dájọ́ ní Jímọ̀.

Mo tú ìbọn palẹ̀. Mo wo sípíríǹgì. Ó le dáadáa. Mo wo ìkọ́ tó ń fa èèpo ọta jáde, kò kán. Mo wo àpótí ọta, bóyá ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ó gún. Mo rò pé ọ̀rinrin ti mú ọta. Mo lọ wá òmíràn ní Èbúté Mẹ́ta. Mo nu gbogbo irin, mo fi òróró sí i, mo tò ó padà. Ó dún. Ọ̀sán kò sí tí kì í dún.

Ṣàíbù ló ń bá mi di ìbọn mú bí mo ṣe ń tú u. Ó máa ń na ìgò òróró sí mi kí n tó bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n," mo bi í, "nígbà tí mo lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú tí ẹ bá mi tọ́jú ìbọn yìí, kí lẹ fi sí i?"

"Èyí tó wà nínú ìgò."

"Ẹ kò fi nǹkan mìíràn sí i?"

"Ìwọ yìí. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?"

N kò bi í mọ́.

Ní Ọjọ́rú mo rò ó. Ìbọn kan náà, ọta kan náà. Àkókò nìkan ló yàtọ̀. Mo sọ fún Ṣàíbù pé n ó yìn ín ní ìdájí.

"Nínú ọyẹ́ yìí? Òtútù á mú ọ. Dúró di ọ̀sán."

N kò dúró. Mo kírun tán, mo gbé e lọ sí etí igbó. Ọyẹ́ bo ilẹ̀ bí èéfín. Mo yìn ín. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Irin ìdí rẹ̀ sá sẹ́yìn dé ìdajì, ó dúró. Èèpo ọta há sí i lẹ́nu bí eegun ẹja.

Mo ṣí i. Nǹkan funfun dì mọ́ irin náà bí àbẹ́là. Mo fi ìka yọ díẹ̀, mo rà á láàárín ọwọ́. Ó yọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀. Àdín ni.

Inú àdín la ti ń ti irin pupa bọ̀ ní àgbẹ̀dẹ wa kó lè le. Ara wa ń rùn ún, aṣọ wa ń rùn ún. Imú mi kò lè yà á sọ́tọ̀ níbẹ̀. Lọ́sàn-án ó ń ṣàn bí òróró yòókù, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ sì dúdú, àwọ̀ kì í hàn lórí rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Ṣàíbù kọ́ mi nípa ìbọn nìyẹn: má fi àdín sí irin tó ń rìn, nítorí ọyẹ́.

Mo padà sílé. Mo mú ìgò dúdú náà, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Kò dà.

Ṣàíbù ń bọ́jú lẹ́bàá kànga. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró tì í. Ṣéènì rẹ̀ ń dán. Mo wò ó, mo mọ ibi tí òróró mi lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró ti tán kí n tó ti Ìjẹ̀bú dé."

Ó nu ojú rẹ̀. "Mo fẹ́ ra òmíràn. Mo gbàgbé."

"Ẹ rọ àdín dípò rẹ̀."

"Ṣé mo mọ̀ pé túùkú máa jáde ni?"

"Ẹ mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé Ọláṣẹ́gun wálé."

"Nu ìbọn náà, fi òróró gidi sí i, dá a padà fún un. Ọ̀rọ̀ á tán."

"Tìrìmísíyù ńkọ́?"

"Òun kọ́ ni ọdẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa pè lójo."

N kò nù ún. Mo bẹ Olúọ́dẹ pé kí ẹjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ìdájí. Wọ́n wá, Ṣàíbù náà wá. Mo yìn ín lójú gbogbo wọn. Ó há. Mo ṣí i, mo gbé e fún Olúọ́dẹ. Ó fi ìka kàn án.

"Àdín. Ta ló fi àdín sí i?"

Mo wo Ṣàíbù. Mo fún un láàyè. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ń retí.

"Ọwọ́ àbúrò mi ni ìgò wà," ó wí. "Èmi, ọkọ́ ni mò ń rọ."

Bàbá kan náà ló bí wa. N kò bá a jà níwájú wọn.

"Àgbẹ̀dẹ wa ló ti wá," mo wí. "Ọwọ́ mi ló fi sí i. Ìbọn ló há. Tìrìmísíyù kò sá."

Olúọ́dẹ ní ó tó. Ó ní kí wọ́n dá Lateefat padà sílé ọkọ rẹ̀. Tìrìmísíyù gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ó wo Ṣàíbù fún ìgbà pípẹ́, ó wò mí, ó lọ. Kò gbé ìbọn wá fún mi mọ́. Kò sí ọdẹ tó gbé e wá mọ́. N kò bá wọn wí.

Ní ọjọ́ kejì mo kó ẹ̀mú àti fáìlì mi. Ṣàíbù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nítorí àdín lo ṣe ń lọ?"

"Rárá."

"Nítorí ohun tí mo sọ níwájú àwọn ọdẹ?"

"Ìyẹn dùn mí. Òun kọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ẹ ń bá mi di ìbọn mú, ẹ sì mọ ohun tí mò ń wá."

Ó wò mí. "Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ dì í mú."

Kò yé e. Mo gbé ẹrù mi.

Ìwáyà létí ọ̀sà ni mo lọ. Ìkọ́ ẹja àti ìdákọ̀ró ni mò ń rọ fún àwọn apẹja títí mo fi darúgbó. Èmi nìkan ni. Bí irin bá fẹ́ ẹni tí yóò dì í mú, mo máa ń dè é mọ́ òpó.