Kí Tuntun Tó Dé

Kọ̀ǹpútà náà kú síbi tí ìjà ti dùn jù. Ọkùnrin inú fíìmù ti fa ìbọn yọ, Lubowa sì ti sún mọ́ máìkì láti fi èdè Lùgáńdà bá a sọ̀rọ̀ sí ọ̀tá rẹ̀, ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá ṣókùnkùn. Èéfín tín-ín-rín yọ lẹ́yìn rẹ̀. Lubowa fọwọ́ kàn án, ó sì tètè fà á sẹ́yìn, nítorí ó gbóná bí ìkòkò orí iná.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Fíìmù òyìnbó, fíìmù Ṣáínà, òun ló ń túmọ̀ wọn fún àwọn tó ń wò wọ́n nínú ilé fíìmù onípákó káàkiri Kampala. Kì í ṣe pé ó kàn ń túmọ̀, ó ń bu ata sí i ni. Òṣèré tí orúkọ rẹ̀ bá le jù, á sọ ọ́ ní Mukasa. Bí ọ̀tá bá lúgọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ẹnì kan sì ń súfèé bọ̀ ní tirẹ̀, Lubowa á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ wo ẹni yìí. Ó ti kú, kò tíì mọ̀ ni." Ẹ̀rín á gba gbogbo ilé. Gbólóhùn yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun àti Nabbosa ìyàwó rẹ̀ gba ìgboro lọ, sí ṣọ́ọ̀bù Mulumba tó ń ta kọ̀ǹpútà. Lubowa ń rìn díẹ̀, ó ń sinmi díẹ̀. Ó ti rù débi pé ó ti lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀. Dókítà ní ọgbẹ́ inú ni, ó sì fún un ní oògùn funfun kan tó ń mu láràárọ̀. Ó ń retí kí ara mókun.

Mulumba gbé àpótí kékeré kan sílẹ̀, tí kò tóbi ju abọ́ oúnjẹ lọ. Ó ní gbogbo kọ̀ǹpútà náà ló wà nínú rẹ̀, wọn yóò kàn so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ń wòran nílé ni. Inú Lubowa dùn sí i. Àmọ́ Mulumba kì í ṣe oníjìbìtì.

"Bàbá Ìbejì, kí n má tàn yín," ó ní. "Èyí ti pẹ́ lórí àtẹ. Tuntun rẹ̀ ń bọ̀ kí Kérésì tó dé. Á yára ju èyí lọ dáadáa, owó kan náà sì ni. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá dúró."

Ohun tí Lubowa ti kà lórí fóònù gan-an nìyẹn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, torí kò sí ẹni tó mọ ìdúró bíi Nabbosa. Aṣọ Kérésì àwọn ìbejì, oṣù kìíní ọdún ló máa ń rà á pa mọ́, nígbà tí ọjà bá ti kú. Fíríìjì ilé wọn, ó pẹ́ tó fi ń lọ kí i ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń kí aláìsàn, kí owó rẹ̀ tó wálẹ̀. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún, orin rẹ̀ nìyẹn.

"Èyí la máa rà," ni Nabbosa wí.

Lubowa rẹ́rìn-ín. Ó rò pé kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé ni, ó bá ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun lè máa lo ti ọ̀rẹ́ òun títí di ìgbà náà. Obìnrin náà gbọ́ ọ délẹ̀.

"Mo gbọ́. Èyí la máa rà. Lónìí."

"Ìyá Ìbejì, ta ló ń lé wa?"

Mulumba gbọn èjìká, ó ní bí wọ́n bá fi owó díẹ̀ lé e, bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́ lòun máa tún un ṣe. Lubowa ti ń tọwọ́ bọ àpò. Obìnrin tí kì í ra áyọ́ọ̀nù láìgba ìwé àtúnṣe, ṣé irú èyí ni yóò fojú fò?

"Ẹ yọ ìyẹn kúrò," Nabbosa wí.

"Ọdún mẹ́ta ni o, Ìyá Ìbejì."

"A ò nílò rẹ̀." Ó kọjú sí fáànù ara ògiri bí ẹni pé ooru ló ń mú un.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n Nabbosa ti gbé tirẹ̀ pa mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Lubowa ń wò. Ó rántí ọjọ́ tí dókítà ní kó lọ gba oògùn, tó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró kí òun kọ́ ọ ní oúnjẹ tí yóò máa sè. Nígbà tí Nabbosa jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òórùn oògùn ilé ìwòsàn ló ta òun lójú. Láti ọjọ́ náà, kò tíì ka oúnjẹ kankan léèwọ̀ fún un. Ata, ẹja díndín, ohunkóhun tó bá ti wù ú ló ń gbé síwájú rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n ní ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀.

Gbólóhùn náà wá fúnra rẹ̀, bó ṣe máa ń wá nídìí máìkì. Ẹ wo ẹni yìí. Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ó di etí tábìlì mú. Ó bínú sí obìnrin náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò pẹ́. Nabbosa nìkan ló ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri láti ọjọ́ yẹn.

"Bá wa dì í," ó sọ fún Mulumba.

Nínú tàkísí, Nabbosa gbé àpótí náà lé itan, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Wọ́n délé. Ó kúnlẹ̀ gbé omi fún ọkọ rẹ̀, Lubowa sì mu ún kí ó tó so gbogbo wáyà pọ̀. Kíá ni kọ̀ǹpútà náà tàn. Nabbosa dìde láti jáde, nítorí bí ọkọ rẹ̀ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló máa ń lọ kí ariwo ìkòkò má baà wọ inú rẹ̀.

"Jókòó," Lubowa wí.

"Ohùn mi ò ní wọ inú ẹ̀?"

"Jẹ́ kó wọ ibẹ̀."

Kò ṣí fíìmù kankan. Ó gbé máìkì sí àárín àwọn méjèèjì. Àwọn ìbejì wà nílé ìwé ní Masaka, wọn kò ní wálé títí di ìsinmi.

"Sọ fún wọn bá a ṣe pàdé," ó ní. "Ibi tí ẹkún bá ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ, èmi á máa túmọ̀."

Nabbosa jókòó.