Ìlà Kan Tí Fẹ̀yìntọlá Fọwọ́ Sí

Oṣù kẹrin rèé tí Nàfísàt, akẹ́kọ̀ọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ti ń gbé ilé Màmá Fẹ̀yìntọlá ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n gangan, ẹnìkan á rìn wọ ẹ̀yìnkùlé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Nàfísàt bá ṣílẹ̀kùn, kò ní í rí ẹnì kankan. Á ṣe bisimillahi, á padà sídìí ìwé rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, màmá mú bébà kan tó ti gbó wá bá a, ó ní kó bá òun túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àkàndé, tíṣà tó fẹ́ fi í ṣaya nígbà èwe rẹ̀, ló kọ ọ́. Òun Fẹ̀yìntọlá kàn fọwọ́ sí i ni, torí òun ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí mọ́tò pa Àkàndé lọ́nà Ìfàkì. Ó ní ìgbà tí òun wá lọ́kọ ni ìró ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án. Ọkọ gbọ́ ọ títí, ó kó ẹrù rẹ̀, kò padà mọ́.

Ara Nàfísàt bù máṣọ. Àṣé kì í ṣe òun nìkan.

Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú bébà náà: àwọn méjèèjì á jẹ́ ti ara wọn “forever and a day”.

“Títí láé ni, màmá,” ó ní, “kí ọjọ́ kan tún wá lé e.”

“Kí ló tún kù lẹ́yìn títí láé?”

Nàfísàt ṣàlàyé pé kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀ lóòótọ́, àsọdùn àwọn Òyìnbó ni, bí ẹni bu ènì sórí kóńgò tó ti kún.

Màmá mirí. “Àkàndé kì í sọ àsọdùn.”

Ó ní kó kọ èsì sábẹ́ rẹ̀ lédè tí Àkàndé fi kọ ọ́: pé òun tọrọ gáfárà, kó tú òun sílẹ̀. Nàfísàt kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sí Òmù, níbi tí wọ́n sin Àkàndé sí, wọ́n ri bébà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìnkùlé pa lọ́lọ́. Ọkàn Nàfísàt balẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kẹfà, ó bá màmá lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́sàn-án, tó tẹ́tí sílẹ̀.

“Ìwọ náà ò gbọ́ nǹkan kan nínú ulé yìí?”

“N ò gbọ́, màmá.”

Màmá gbé orí lé orúnkún. Ó ní lọ́dún tí Àkàndé kú, wọn ò jẹ́ kóun sunkún, torí òun kì í ṣe ìyàwó rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nàfísàt jókòó tì í, kò sọ pé ó tó, títí oòrùn fi wọ̀.