Ọmọ Ọdún Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, èmi kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ọjọ́ kẹta tí Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi bímọ ní àdúgbò Alékùwódò, lọ́dún 1959, mo fẹ́ wẹ ọmọ náà bí ìyá àgbà ti ń ṣe. Ni Sànúsí ọkọ rẹ̀ bá ka ìka lọ, ó kà á bọ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ọdún ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ yìí o."

Aúsùbílláhì! Ọmọ erin ni wọ́n ń kì wá nílé tiwa. Ta ni yóò wá máa ki ọmọ-ọmọ mi ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, nínú ilé mùsùlùmí? Mo ní n kò wẹ̀ ẹ́ mọ́, kí baba rẹ̀ wẹ̀ ẹ́. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè dìde, ẹ̀jẹ̀ ti lọ lára rẹ̀ jù. Oòrùn kan àtàrí, ọmọ ṣì ń ké, wọn kò tíì wẹ̀ ẹ́.

Sànúsí dọ̀bálẹ̀. Ó ní kì í ṣe oríkì, ọdún ni àwọn ará Ṣáínà fi ń kà. Ẹranko méjìlá ni, kálukú ló ní ọdún tirẹ̀. Wọ́n ní ọba ọ̀run kan ló pè wọ́n, pé bí wọ́n bá ṣe dé ni òun yóò ṣe pín ọdún fún wọn. Eku gun màlúù lẹ́yìn, ó fò ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó ṣe ipò kìíní. Ẹlẹ́dẹ̀ jẹun lọ́nà, ó sùn, òun ló dé kẹ́yìn.

"Ọ̀lẹ tún ni!" mo ní. "Ta ló kó ìranù yìí sí ọ lórí?"

Ó ní nígbà tí òun ṣe sójà nínú ogun Bọ́mà, àìsàn dá òun dùbúlẹ̀ ní ọsibítù kan ní Íńdíà. Òun ń ṣu sára, òun kò lè gbé ọwọ́. Ará Ṣáínà kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń wẹ òun láràárọ̀, tó ń fi òyìnbó díẹ̀díẹ̀ sọ ìtàn àwọn ẹranko náà fún òun.

"Orúkọ rẹ̀ kò dúró lórí mi, Ìyá. Ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ọdún ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n bí òun náà. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé ọdún ẹlẹ́dẹ̀ ni ọmọ mi bọ́ sí."

Mo ní kí wọ́n bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Mo na ọmọ sórí ẹsẹ̀ mi, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ṣì ń bú Sànúsí lọ. Ìgbà tó yá, mo bi í bóyá ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

"Rárá, Ìyá. N kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa tí wọ́n fi gbé mi sínú ọkọ̀ ojú omi tó ń bọ̀ wálé."

Àánú ṣe mí, omi bọ́ lójú mi. Mo tún fi ọṣẹ pa ọmọ lára lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní èyí, ti ọkùnrin tó wẹ baba rẹ̀ ni.